Ọbẹ̀ Ewé Òkun Lọ́jọ́ Yíyàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo pariwo. Ohùn tí mo fi ń darí àwọn ọmọ lórí pápá ni mo fi jágbe mọ́ obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, mi ò sì tíì kí i ẹ káàárọ̀.

Kóòṣì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni mí, nílé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Tongyeong, ìlú kan létí òkun. Ọmọ márùn-ún péré ni mo ní. Kì í ṣe pé mo ṣa márùn-ún nínú ogún o, márùn-ún náà ni gbogbo wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá máa ń kó eléré méjìlá wá, wọ́n á sì máa pààrọ̀ wọn bó ṣe wù wọ́n. Tiwa, bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò dìde, kò sẹ́ni tó máa rọ́pò rẹ̀, mẹ́rin la óò fi parí eré. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ mi: bí o bá ṣubú, dìde kí n tó kà dé èjì. Ẹni tó bá jókòó sílẹ̀ tó ń wo orúnkún á gbọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ ò sọ fún un rí.

Nínú àwọn márùn-ún yìí, Tak Boram nìkan ló ń jáde ìwé lọ́dún náà. Kò ga tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ sì le. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sọ pé líìgì àwọn obìnrin lòun máa gbá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, ọ̀nà náà ni ọjọ́ yíyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń pàdé, tí wọ́n á máa pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí wọn ò bá pe, kó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin yòókù tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo yọjú sí ilé ìdáná, mo bá Boram tó ń gbé abọ́ sẹ́nu.

"Kí lò ń mu yẹn?"

"Ọbẹ̀ ewé òkun ni, mà."

"Ọbẹ̀ kí ni?"

"Abọ́ kejì nìyí, mà."

Ojú mi ṣókùnkùn. Ọmọ ilẹ̀ wa wo ni kò mọ̀ pé èèyàn kì í jẹ ewé òkun lọ́jọ́ ìdánwò? Nǹkan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́, yóò fìdí rẹmi ni. Ohun tó ń lẹ̀ là ń jẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ ibi tó ń lọ.

"Ìyá àgbà!" ni mo pariwo. "Ẹ̀yin náà! Òní tí wọ́n fẹ́ yan ọmọ! Ṣé ọ̀tá ọmọ yìí ni yín ni?"

Ìyá àgbà Panrye, tó tọ́ Boram dàgbà, dúró ti ìdáná pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. "Kóòṣì, ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni lónìí."

"Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún! Mo rí i nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀."

"Ìyẹn ni tìjọba. Ẹ fi tìjọba sílẹ̀. Òṣùpá lèmi ń kà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ni wọ́n bí i, òní ló sì bọ́ sí. Ìyá ẹ̀ ò sí láyé mọ́. Ta ló máa se ọbẹ̀ ọjọ́ ìbí fún un bí mi ò bá se é?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí èyí tó kù. Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Yíyàn! Òní náà kọ́? Mo ti ba tọmọ mi jẹ́!"

"Èmi rántí," ni Boram sọ, kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti ń se é kí ilẹ̀ tó mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní mi ò mu ún?" Ó gbé abọ́ náà, ó mu ún tán.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn mẹ́rin yòókù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, oorun sì dá lójú wọn. Wọ́n tú báàgì wọn. Ìrẹsì gígún tó ń lẹ̀ bí iyán ni ìkan mú jáde, súìtì tó ń há séyín ni èkejì kó lé Boram lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ ẹ́," ni Jegal Miru sọ, aláròyé inú wọn. "Ewé òkun ti wà nísàlẹ̀, èyí máa dé e mọ́lẹ̀."

"Mo ti yó, Miru."

"Ẹ jẹ ẹ́ o! Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣubú, ibi tẹ́ ẹ bá ṣubú sí lẹ máa lẹ̀ mọ́!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé fúláàsì kan lé itan, ó sì ń wo ojú fèrèsé. Ó yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀, mo ń wakọ̀, inú sì ṣì ń bí mi.

Kí wọ́n tó yan àwọn ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Boram ò tíì lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí pápá tó fi ṣubú gbì. Mo gbọ́ ohùn ara mi láàárín èrò: "Ení!" Ó ti dìde. Ó sáré lé bọ́ọ̀lù tó fẹ́ jáde, ó tún ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ibi tó nà sílẹ̀ sí gan-an ló ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀, tó tún dìde. Èmi ò rí ohun dáadáa kankan níbẹ̀. Ìṣubú nìkan ni mò ń rí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣubú?" ni Ìyá àgbà bi mí. Ó ti dijú láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Abọ́ méjì ni mo bù fún un."

"Ibo wá ni ẹ̀kẹta ti wá?"

"Ó lá ìkòkò."

Lọ́sàn-án, wọ́n yí ẹ̀rọ tí bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ jáde ló ni ẹgbẹ́ tó máa kọ́kọ́ yan ọmọ. Ìpele kìíní, ọmọ mẹ́fà. Ìpele kejì, mẹ́fà mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá pè á gun orí pèpéle, á dé fìlà ẹgbẹ́ náà, á wọ ẹ̀wù rẹ̀, á sì tẹrí ba títí orí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Boram jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí itan.

Ìpele kẹta ló máa ń dun èèyàn, torí pé ẹgbẹ́ lè ní òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹgbẹ́ kìíní dìde: "A ò yan ẹnikẹ́ni." Èkejì dìde: bákan náà. Ẹ̀kẹta mú ọmọ gíga kan. Ẹ̀kẹrin, kò yan. Ẹ̀karùn-ún, kò yan. Ó ku ẹgbẹ́ kẹfà, àwọn aláṣọ àwọ̀ ewé. Kóòṣì wọn, ọkùnrin sísanra kan tó wọ awò ojú, rọra ń ṣí ìwé bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ó wù mí kí n lọ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé makirofóònù.

"Láti Tongyeong," ló wí, "Tak Boram."

Mo pariwo. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè dá mi lẹ́bi. Àwọn mẹ́rin ń fò sókè. Ìyá àgbà di apá mi mú, kò sì tíì gbà lajú.

Ẹni tí wọ́n bá yàn gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Boram gba makirofóònù, fìlà náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lónìí lọjọ́ ìbí mi. Mo mu ọbẹ̀ ewé òkun abọ́ méjì láàárọ̀ yìí."

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe háà, àwọn ìyá ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lajú. Mo ṣubú lóòótọ́. Ibí ni mo ṣubú sí."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà lajú, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí a fẹ́ jáde, kóòṣì ẹgbẹ́ aláṣọ ewé dá mi dúró. "Àwọn ọmọ yòókù, bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á wo adájọ́, wọ́n á wo orúnkún. Tiyín ti dìde kí n tó mọ̀ pé ó ṣubú. Ta ló kọ́ ọ?"

"Àìtó èèyàn ni, sà," ni mo dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a yà síbi ìsinmi kan lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ sáré lọ ra nǹkan jíjẹ. Mo rí Ìyá àgbà tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀, tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, Ìyá àgbà?"

"Ọbẹ̀ tó kù láàárọ̀ ni. Mo gbé e kúrò nílé kí Boram má baà tún mu ún. Mo fẹ́ dà á nù."

"Ẹ má dà á nù." Mo tẹrí ba, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ìdérí fúláàsì náà, mo sì nà án sí i kó bu díẹ̀ fún mi. Ó da ọbẹ̀ sínú rẹ̀. Ọbẹ̀ náà ti tutù, ó sì dùn. Mo mu ún tán, mo tún na ìdérí náà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà. Ẹ bù sí i."

"Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin ò ní ìdánwò kankan lọ́la ni?"

"Mo ní. Ọmọ mẹ́rin ló kù sí mi lọ́wọ́, mo fẹ́ lọ wá ẹ̀karùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì dà á kún dé ẹnu.