Ọjọ́ Tí Màmá Kìtán Gun Jangilọ́fà

Ọkọ̀ àti Màmá Kìtán kì í ṣọ̀rẹ́. Láti kékeré ni. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, tí kò tíì kọjá ilé márùn-ún, èébì á ti máa gbé e, itọ́ á máa sun lẹ́nu rẹ̀, òógùn tútù á bò ó, ohun tó jẹ láàárọ̀ á sì máa wá ọ̀nà àbájáde. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà nílùú Oǹdó, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn lọ síléèwé lójoojúmọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣègbéyàwó ní Kàdúná, aṣọ ló fi ránṣẹ́, kò lọ. Àwọn ẹbí ní ìgbéraga ni. Ìgbéraga wo? Èébì ni!

Kí ló wá pa irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, pọ̀ mọ́ jangilọ́fà onírin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ ló fà á.

Kìtán nìkan ni màmá bí. Àbújá lòun àti Precious ìyàwó rẹ̀ ń gbé, Tolúwalọpẹ́ ọmọ wọn sì ti pé ọdún méje. Ọdún méje gbáko! Ọmọ náà kò tíì sun oorun ọjọ́ kan ṣoṣo nílé ìyá bàbá rẹ̀ rí. Lọ́dún yìí, wọ́n á ní àwọn ò ráyè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní ọ̀nà ò dára. Àwáwí ni gbogbo rẹ̀, màmá kàn ò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni. Ó máa ń wo fọ́tò ọmọ náà lórí fóònù títí iná fóònù á fi kú.

Àfi bí Kìtán ṣe pè é nínú oṣù kẹjọ pé àwọn ń bọ̀ l'Ákùúrẹ́, pé àbúrò Precious fẹ́ kó wọ ilé tuntun ní Oda. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn máa gbé Tolú lọ sí ọgbà ìṣeré kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, kí màmá wá bá àwọn níbẹ̀.

"Tí ẹ bá fi lè mọ́ ọn lára, màmá, á bá yín lọ sí Oǹdó, á lo ọ̀sẹ̀ kan. Mo bẹ Precious títí, òun náà ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Tolú ò fẹ́ràn ẹni tó ń jókòó lásán. Ẹni tó bá bá a gun nǹkan ìṣeré ló ń bá ṣọ̀rẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan! Inú màmá dùn dé ibi tí inú í dùn dé. Ó kun yàrá kan, ó ra fóòmù kékeré sí i, ó ní kí Kíkẹ́ aránṣọ rán gáùn méjì fún ọmọ tí kò tíì fojú kàn. Kò sí ará àdúgbò tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí èébì.

Ó pe Yọ̀mí oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kó máa gbé òun yípo oríta kan náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìyípo kẹrin ni màmá bì. Yọ̀mí dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Nu ibẹ̀, kí o máa yí i lọ!"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń yí. Àwọn kan ní orí ìyá ti dàrú. Orí rẹ̀ ò dàrú rárá, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀wà ò ṣeé jẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ ló dáa. Ó ti mọ̀ pé ojú ò gbọdọ̀ wolẹ̀, ohun tó jìnnà tí kò mì ni kéèyàn tẹjú mọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tó rántí láti ìgbà ọmọdé Kìtán, ni atalẹ̀ gbígbẹ: á gé díẹ̀, á fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa pọ́n omi rẹ̀ lá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ó yí oríta nígbà ogún, kò bì. Yọ̀mí pàtẹ́wọ́ fún un.

Sátidé dé. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, ó di atalẹ̀ díẹ̀ sí etí áńkáṣíìfù, ó fi díẹ̀ há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò bì. Ní ọgbà ìṣeré yẹn, Precious kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní "Ẹ káàbọ̀, màmá," ẹnu rẹ̀ dùn. Tolú gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú Kìtán gan-an ló gbé wá sáyé. Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n fi irin gbé kọ́ sókè, tó ń fì lọ tó ń fì bọ̀ bíi jangilọ́fà.

"Gránmà, ṣé ẹ lè gun ìyẹn?"

"Ìwọ ni o kò ní lè gùn ún," ni màmá dá a lóhùn, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n gòkè. Wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ wọn níkùn. Nísàlẹ̀, Precious ń fi fóònù ya fọ́tò, Kìtán sì lọ ra omi. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Yéè! Kẹ̀kẹ́ Yọ̀mí wá di eré ọmọdé. Inú màmá gbé sókè, ó dé ọ̀fun, ó tún padà. Ó rí ṣóńṣó orí ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fi ahọ́n ti atalẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọmọ dì mọ́ ọn lápá, ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, màmá náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín pípadé.

Lójijì ni ẹ̀rín ọmọ dákẹ́. Màmá wò ó. Ètè rẹ̀ ti funfun, òógùn ti bo imú rẹ̀, ó ń gbé itọ́ mì léraléra. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Àìsàn ọkọ̀, èyí tí màmá ti ń bá yí láti kékeré, ló wà lára ọmọ yìí. Ẹ wò ó, ó ṣe é láàánú, síbẹ̀ inú rẹ̀ tún dùn. Ọmọ òun ni lóòótọ́!

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọra dẹwọ́, màmá tú etí áńkáṣíìfù, ó fi eyín gé atalẹ̀, ó tu èèpo rẹ̀ dànù, ó sì fi ìwọ̀nba tó kéré sẹ́nu ọmọ.

"Fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Má gbé e mì. Má wolẹ̀, ṣóńṣó orí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí o máa wò."

Ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró, ojú rẹ̀ ti dán padà.

"Ó ti lọ, Gránmà! Ó ti lọ! Mo máa bá yín lọ sí Oǹdó lónìí!"

Ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ọba tó láyọ̀ tó Màmá Kìtán. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀. Ọmọ sáré bá ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, mo fẹ́ bì! Gránmà wá yọ nǹkan lẹ́nu, wọ́n fi sí mi lẹ́nu, mi ò bì mọ́!"

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Precious. Kò béèrè nǹkan kan. Ó di àgbọ̀n ọmọ mú, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ọmọ han, ó ja ẹsẹ̀, ó bì. Ó bì búrẹ́dì, ó bì júúsì, ó bì títí omi òróòro fi jáde. Precious bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi tú èébì náà wò.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wòlíì wa ti kìlọ̀ fún mi! Wọ́n ní àgbàlagbà obìnrin kan nínú ẹbí ọkọ máa fi nǹkan sọ́mọ mi lẹ́nu! Wọ́n ní kó má jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ wọn!"

Ìdí tí wọn kò fi gbé ọmọ wá Oǹdó láti ọdún méje nìyẹn. Àwọn èèyàn ti péjọ, wọ́n ń wo màmá látòkè délẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bó ṣe rí lójú wọn nìyẹn.

"Atalẹ̀ ni, ìyàwó mi," ni màmá wí. "Atalẹ̀ inú ọjà lásán." Ó kó ìyókù sẹ́nu, ó rún un níwájú wọn, ata rẹ̀ mú omi jáde lójú rẹ̀. Ẹnì kan ti ń fi fóònù ká a sílẹ̀.

Kìtán sáré dé. Ọkàn màmá balẹ̀. Kìtán mọ̀ ọ́n! Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí màmá fara da ọkọ̀ nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò n'Íbàdàn, orí itan màmá ló sùn sí nínú ọkọ̀, atalẹ̀ láti ẹnu màmá ló sì ń lá títí wọ́n fi dé. Màmá dúró kó rẹ́rìn-ín, kó ní, "Precious, atalẹ̀ màmá nìyẹn, òun ni wọ́n fi tọ́ mi." Kìtán wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo àwọn tó dúró. Ó wolẹ̀.

"Màmá," ló wí, "kí lẹ fún un gan-an?"

Háà, Kìtán! Ọ̀rọ̀ ìyàwó ò dun màmá tó "gan-an" yẹn. Ó kàn ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbé Tolú wọ mọ́tò, wọ́n ti gíláàsì sókè, ọmọ náà ń sunkún, ó ń pe Gránmà. Kìtán fi takisí gbé ìyá rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ̀bẹ̀: kí màmá má bínú, ẹ̀rù ló ń ba Precious, òun máa bá a sọ̀rọ̀, tó bá di Kérésì àwọn lè wá kí i fún wákàtí díẹ̀. Ní gáréèjì, Kìtán ra ìrẹsì àti adìyẹ nínú ike, ó gbé e fún un.

"Ẹ ò tíì jẹun látàárọ̀, màmá. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ."

Màmá wo ike náà. Kò nawọ́ gbà á.

"Tọ́ ọ wò."

Kìtán rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Màmá, èmi ni o."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Tọ́ ọ wò kí n rí ọ."

Àwọn èrò ọkọ̀ ń wò wọ́n. Kìtán ṣí ike, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì ń dà níbẹ̀. Màmá ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

"Ó dára," ni màmá wí. "Gbé e lọ fún Tolú, kò sí nǹkan nínú ikùn ọmọ yẹn mọ́. Sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìwọ lo bù ú jẹ, kì í ṣe èmi."

Ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó fa ilẹ̀kùn dé fúnra rẹ̀.