Ọjọ́ Tí Phulmati Tún Fẹ́ Ọkọ Rẹ̀

Ọdún méjìlá ni wọ́n fi retí Baidyanath lẹ́yìn tí àkúnya odò Kosi gbé e lọ. Nígbà tí kò dé, wọ́n fi koríko ṣe àwòrán ènìyàn, wọ́n sun ún bí òkú, wọ́n da eérú rẹ̀ sódò. Ọjọ́ náà ni Phulmati, ìyàwó rẹ̀, fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, tó bọ́ sínú aṣọ funfun opó.

Ọdún márùn-ún tún kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baidyanath já wọlé, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó ní odò gbé òun jù sí ìlú àjèjì, ojú sì ń ti òun láti padà. Phulmati bu omi fún un. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Kamalkant, àlùfáà ìdílé.

Ó ní, "Ẹni tí ẹ ti sun, òkú ni. Kò lè bá yín jẹun báyìí. Àfi ká tún un bí, kó sì tún ìyàwó rẹ̀ fẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Baidyanath jókòó sínú agbada omi àti ọ̀rá wàrà màlúù, ó di ẹ̀ṣẹ́ bí ọmọ inú oyún. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fá irun rẹ̀ tó ti funfun, wọ́n sì fi okùn òwú mímọ́ kọ́ ọ léjìká, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọkùnrin tó ń dàgbà.

Sabita, ìyàwó àbúrò ọkọ, rọra gbún Phulmati ní ìgúnpá. "Ìyáálé mi, ẹ wo ọmọ tuntun. Ewú ló bá wáyé."

"Mo rí i."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa fẹ́ ẹ lọ́sàn-án yìí. Ẹ rọra ṣe é o, ọmọdé ni."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Phulmati ń wò wọ́n bí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà tó ń wo ilé onílé.

Wọ́n wẹ Phulmati, wọ́n wọ aṣọ pupa fún un. Ẹ̀gbà dígí kò gba ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ni Sabita fi tì í wọlé. Ó bó o lára, kò dùn ún. Baidyanath fi àtíkè pupa, àmì obìnrin tó lọ́kọ, sí ojú ìpín irun rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja fún àwọn méjèèjì. Opó kì í jẹ ẹja; láti ọjọ́ tí Phulmati ti di opó, ẹja kò tíì kàn án lẹ́nu.

"Ìyá Lalita," ni Baidyanath pè é, ní orúkọ ọmọbìnrin wọn tó ti wà nílé ọkọ. "Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Rárá, Bàbá Lalita."

"Ṣé inú rẹ dùn?"

Phulmati yọ egungun ẹja lẹ́nu, ó gbé e sétí abọ́. "Ẹ jẹun. Ó ń tutù."

Baidyanath doríkodò, ó ń jẹun. Phulmati jẹ tirẹ̀ tán, kò lè sọ bóyá iyọ̀ tó o. Sabita bi í bóyá kí òun bù sí i. Ó na abọ́ sí i.