Pílà Ìjọ àti Ọmọ Odó Comfort

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, gbé e mì kíá. Àriwo ẹnu rẹ pọ̀.

Ṣé ẹ mọ pílà? Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà. Pílà ni òpó tó gbé òrùlé dúró. Ẹni tí ìjọ gbójú lé, òun náà ni wọ́n ń pè ní pílà. Ní Ayégbajú-Èkìtì, méjèèjì wọnú ọ̀ràn Fádèyí àti Comfort ìyàwó rẹ̀.

Ilé alámọ̀ ni ilé wọn, ikán sì ti jẹ ìdí òpó tó gbé iwájú ilé dúró. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà Comfort á já. Fádèyí ra sìmẹ́ńtì, ó ra irin. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kó gbogbo rẹ̀ lọ, torí wọ́n fẹ́ fi í jẹ Pílà Ìjọ.

"Bàbá Glory, òpó ulé ńkọ́?"

"Ìwọ gan-an ni pílà ulé yìí, Ìyá Glory!" Ó ń wo fìlà rẹ̀ nínú dígí.

"Èmi? Kí n wá bọ́ síta kí n máa fi orí gbé páànù?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Comfort bá to búlọ́ọ̀kù jọ, ó gbé ọmọ odó rẹ̀ lé e, ó fi ti igi òrùlé. Ó dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ Èkìtì, ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́! Ẹ bá wọn kẹ́dùn.

Ọjọ́ oyè pé. Wọ́n fi aṣọ oyè kọ́ Fádèyí lọ́rùn, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ó kó àwọn àgbà ìjọ bọ̀ wálé, òjò ń ṣú bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ìyá Glory, uyán dà? Pílà kì í fi ẹ̀bà ṣàlejò."

"Ọmọ odó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò rí i ni?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Fádèyí.

Comfort fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ odó yẹn o. Ẹ jẹ́ n sáré lọ yá ti Ìyá Ọlámipọ̀sí. Mo bẹ̀ yín."

Nílé kejì, ìkíni kú oríire ò jẹ́ kó tètè kúrò. Atẹ́gùn dé. Comfort gbé ọmọ odó tó yá lé èjìká, ó ń rò ó pé bí àlejò bá lọ tán, òun á tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọkọ òun sọ ọ̀rọ̀ òpó náà.

Ó yọ sójúde: àwọn àgbà ìjọ káwọ́ lérí nínú òjò, iwájú ilé ti wó lulẹ̀, ọwọ́ Fádèyí nìkan ló yọ lábẹ́ ẹ̀, ó ṣì di ọmọ odó mú.