Ìdajì Òwe Onígbàjámọ̀

Ẹ fà sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí etí yín ṣí sílẹ̀ lónìí. Ìtàn tọkọtìyàwó kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ti bàbá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tú ilé wọn ká. Kò gùn. Bí ẹ bá gbé omi kaná báyìí, a ó ti parí rẹ̀ kó tó hó.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà. Ogójì ọdún ló fi gérun fún tọmọdé tàgbà, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó wá ń pọ́n àlùmọ́gàjí fún àwọn aránṣọ. Òwe kún ẹnu rẹ̀ ju eyín lọ, àmọ́ kì í pa á délẹ̀. Á pa ìdajì, á dákẹ́, á máa wo ojú ẹni pé kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ parí ìyókù. Ó ní ẹni tó bá ní làákàyè kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ìdajì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan jẹ́ aránṣọ, jórinjórin lọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wá ran kaba. Bí aránṣọ ṣe ń wọn ìbàdí rẹ̀ ni oníbàárà ní, “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Mo gbọ́ pé ọkọ yín ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.”

Aránṣọ ní ẹ ṣé. Ó tún ìbàdí yẹn wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ náà, ààbọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń wọkọ̀ débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò tíì mẹ́nu bà á rí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó àlùmọ́gàjí méjì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìdajì bó ti máa ń ṣe, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

“Bàbá, ṣé kí n tẹ̀ lé e ni, àbí kí n jókòó ti ẹ̀rọ mi?”

Bàbá pa ìdajì òwe kan fún un. Ẹsẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní í pa á létí yín, torí òun gan-an ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ọmọ náà mi orí. “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, jórinjórin náà yọ, ìgò dúdú tó fi ń wo iná ṣì wà níwájú orí rẹ̀. “Bàbá, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni kí n ṣe?”

Ìdajì yẹn kan náà ni Bàbá tún pa. Òun náà mi orí, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, aránṣọ padà wá. Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tirẹ̀. Ó ní kí Bàbá kó gbogbo àlùmọ́gàjí òun fún òun, títí kan ọ̀kan tó ti dípẹtà, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

“Kí lo fẹ́ fi eléyìí ṣe?”

“Mò ń kó lọ ni, Bàbá. Mo ti gba yàrá kan tèmi nìkan. Ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe náà ni mò ń ṣe.”

“Èmi? Kí ni mo ní kí o ṣe?”

Ó wá parí òwe náà fún un. Bàbá gbé òkúta ìpọ́nrin sílẹ̀. “Ìparí tòwe mìíràn lo fi sí i yẹn, ọmọ mi. Dúró síbí.”

Ó di ìsọ̀ jórinjórin. “Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Ẹ ní kí n má sọ nǹkan kan, kí n jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dákẹ́.” Lòun náà bá parí òwe tirẹ̀. Òwe kẹta nìyẹn, kì í sì í ṣe èyí tí Bàbá ní lọ́kàn.

Bàbá fà á lọ́wọ́ dé iwájú ìyàwó rẹ̀. Bàbá jókòó. Ọ̀rọ̀ tààrà ṣòro fún un bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ,” ó nawọ́ sí jórinjórin, “o gba iṣẹ́, o ò sọ fún aya rẹ. Kò dára. Ìwọ náà, ẹnu oníbàárà lo ti gbọ́, o ò bi ọkọ rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò jù pé kẹ́ ẹ jókòó bá ara yín sọ ọ́. Kí n tó bá ìyá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti dé ilé bàbá rẹ̀. Ìdajì ni mo fi ránṣẹ́ sí i níbẹ̀ náà.”

Bàbá bọ́ síta.

Aránṣọ ní, “Ṣó o fẹ́ kí n bá ẹ lọ?”

“Àwọn àgbà máa ń sọ pé...”

“Má pa á.”

Jórinjórin tú ìgò orí rẹ̀. “Mo fẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá kọ̀, ni mo ṣe dákẹ́.”

“Èmi ò ní í kẹ́rù lọ síbi tí mi ò fojú rí. Lọ́la, mú mi lọ wò ó. Bí mo bá rí ibi tí ẹ̀rọ mi máa wà, a ó jọ lọ. Bí mi ò bá rí i, a ó tún un sọ.”

“Ó dáa.”

Wọ́n lọ wò ó, ó sì rí ojú fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Aránṣọ yìí ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, nídìí fèrèsé yẹn, níbi tó ti ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Ó ní Bàbá ṣì ń pa òwe. Àmọ́ ó ti ń pa á délẹ̀ báyìí, á sì tún bi ẹni pé, “Kí lo gbọ́?”