Kọ́là Tí Kò Lẹ́wù

Láyé ìgbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ya wọ àdúgbò wa ní Ṣanghai, ìyá mi á ti sọ ibi tó ti wá kó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Á wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, á máa ṣa ẹ̀fọ́, á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré. "Ará àríwá nìyẹn. Ẹ wo èjìká, ẹ wo bó ṣe ń rìn bí ẹni tó ni títì." Tó bá jẹ́ ará Kántọ́ọ̀nù, ní gúúsù, ni, á ní ojú ẹ̀ ti jìn jù, àwọ̀ ẹ̀ ti dú jù, sálúbàtà ló sì máa wọ̀ lọ sí ibi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ìdajì ìgbà ni kì í rí bó ṣe sọ. Lọ́jọ́ kan ó fi ọkùnrin gíga kan ṣe ará àríwá, ó ń bi í léèrè bóyá ìrìn àjò náà kò pọ̀ jù, àṣé ọmọ ìyá àgbà tó ń gbé lókè wa ni, inú ilé náà ni wọ́n sì bí i sí. Ìyá mi ní oúnjẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Èmi Gu Peilin, ọmọ rẹ̀, n kò sàn jù ú lọ. Ọrùn lèmi máa ń wò ní tèmi. Ní Ṣanghai, ẹni tí kọ́là rẹ̀ bá dọ̀tí, kó padà sílé lọ sùn. Ṣùgbọ́n aṣọ ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, ìwé tí ìjọba fi ń pín in kì í tó ẹ̀wù méjì lọ́dún, nítorí náà la ṣe ń rán kọ́là lásán. Ó ní ọrùn, ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta níwájú, ó ní okùn tí a ń so mọ́ abẹ́ apá, ó sì tán síbẹ̀. Kò lápá, kò lẹ́yìn. Bí a bá wọ ẹ̀wù òtútù lé e, kò sẹ́ni tí kò ní sọ pé ojúlówó ẹ̀wù ló wà lábẹ́. Ilé wa kò sì ní iná tó ń mú ilé gbóná, bí a ṣe múra jáde náà la ṣe ń jókòó sílé, ta ni yóò wá rí abẹ́ aṣọ ẹnìkan? Gbogbo wa là ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Mẹ́ta ni tèmi: funfun kan, aláwọ̀ sánmà kan, onílà kan.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́tìnnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1980, wọ́n fi àwọn obìnrin mẹ́ta ránṣẹ́ láti Ṣenyang, lókè àríwá lọ́hùn-ún, pé kí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ wa fún oṣù mẹ́jọ. Guan Yaqin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fi ìka méjì ga jù mí lọ. Ó ń wé ìborùn pupa pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, èyí tí ọmọ Ṣanghai kan kò ní dán wò láéláé, bó bá sì rẹ́rìn-ín ní ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, àwa tá a wà ní yàrá kejì á gbọ́. Ìyá mi rí i lẹ́ẹ̀kan. "Ojú ẹ̀ fẹ̀ bíi bàsíà," ló wí. "Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ilẹ̀ á ṣú." Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ fún ìyá mi lọ.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹun ọ̀sán, ó dá ṣíbí dúró, ó tẹjú mọ́ ọrùn mi.

"Peilin, ẹ̀wù mélòó lo ní gan-an? Lánàá funfun, lónìí aláwọ̀ sánmà. Ṣé ọmọ olówó ni ẹ́ ni?"

"Wọ́n tó mi í wọ̀," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó wò mí díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Irọ́ kékeré ni. N kò tilẹ̀ kà á sí irọ́ nígbà náà.

Nígbà tí oṣù mẹ́jọ pé tó padà sílé, a ti bára wa sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú, baba ló kù, bàbá Guan tó ń da irin ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Baba náà ní kí n wá bá àwọn ṣe ọdún tuntun kí òun lè fojú ara òun rí mi. Bó bá rí mi tó gbà, ó parí. Mo fọ kọ́là funfun mi, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le bíi páálí, mo ra suwíìtì àti ẹran gbígbẹ, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ kan ààbọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì wọ ilé àwọn ará àríwá nígbà òtútù kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìta ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n inú ilé gbóná bíi ti ilé búrẹ́dì. Wọ́n fi bíríkì mọ ibùsùn gbọọrọ kan, wọ́n ń dáná sí i lábẹ́, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn. Àlejò pàtàkì ni wọ́n ń fi jókòó sí ìhà tó sún mọ́ iná jù lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n fi mí sí.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti kún ilé, wọ́n wá wo ọkọ Yaqin.

"Ẹ wo ojú ẹ̀, ó dán ju tèmi lọ."

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé àlùbọ́sà. Yaqin, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, di apá ẹ̀ mú o."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́, ta ló máa gbé ta wọlé nínú wọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba àlejò mọ́ra nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ni mí. Mo ń wo èjìká wọn àti ojú fífẹ̀ wọn, mo ń sọ nínú ara mi pé ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín, ó ṣáà yẹ kí ẹ rí bí ọrùn mi ṣe mọ́ tó.

Àwọn obìnrin náà lọ, ó ku àwa mẹ́ta. Bàbá Guan jókòó kojú mi. Ọkùnrin ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná. Ó wọ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ki òwú sí, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé òkè, kọ́là funfun kan sì yọ díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ará àríwá kan mọ̀ pé kọ́là wà láyé.

"Ọmọ Ṣanghai," ló wí, "bọ́ ẹ̀wù òtútù yẹn, kí ara tù ẹ́."

"Ó dáa báyìí, Bàbá. Ẹ ṣé o."

A jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kíkan. A mu ọtí. Yaqin ń gbé oúnjẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé wá, àwo lórí àwo. Iná ń jó mi láti ìdí dé orí. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bọ́ sínú ṣòkòtò. Baba náà ń làágùn bákan náà, ó ń fi tówẹ̀lì nu ojú, ṣùgbọ́n kò bọ́ tiẹ̀. Mo rò pé líle ló ń ṣe sí mi.

"Ilé ẹ nìyí," ló tún wí. "Bọ́ ọ, ọmọ mi."

"Ara mi balẹ̀, Bàbá."

Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀wù mi? Kọ́là tó tán sí àyà, okùn méjì, àti síńgílẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi ti lẹ̀ níbi mẹ́rin. Mo ń wo Yaqin tó gbà pé ẹ̀wù mi pọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin yẹn. Mo sọ nínú ara mi pé kàkà kí n bọ́ ọ, màá kú síbẹ̀.

Nígbà kẹta, baba náà gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó wò mí, ó fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká jọ bọ́ ọ, èmi àti ìwọ."

Ọtí wà lára mi, ìbínú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa ní Ṣanghai, a kì í bọ́ra níwájú àjèjì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Guan gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì rẹ̀. "Àjèjì," ló wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Ó bu ẹran sínú àwo mi, ó ní kí n jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yaqin sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Òógùn àná ti gbẹ mọ́ kọ́là mi, ó ń họ mí lọ́rùn.

"Kí ló dé tó ò fi bọ́ ọ?"

"Òtútù ń mú mi."

"Níbi tó gbóná jù nílé wa?"

Mo yíjú sí ojú irin. Ó ní, "Bàbá sọ pé ẹni tó jókòó nílé òun bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ náà ló máa wọ̀. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ tẹ̀ lé ẹ, kí n sọ ìdí kan fún wọn, wọn ò ní dá mi dúró. Kí ló dé tó ò bọ́ ọ, Peilin?"

Gbólóhùn kan ló kù. Kò ju pé kọ́là lásán ni mo wọ̀. Ó dúró, ó ń wò mí, yìnyín ń bọ́ sórí ìborùn pupa rẹ̀. Mo ní, "Sọ fún wọn pé bí àwa ṣe rí nìyẹn." Ọkọ̀ dé, mo wọ̀ ọ́. Mo kọ lẹ́tà méjì sí i lẹ́yìn náà, n kò sì sọ òótọ́ nínú èyíkéyìí. Kò fèsì.

Mo fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ àdúgbò tí ìyá mi fọwọ́ sí. Obìnrin dáadáa ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà òtútù tí n kò rántí ibùsùn bíríkì yẹn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì pàdé ní ilé oúnjẹ kan. Wọ́n ti wó ilé iṣẹ́ náà tipẹ́. Yaqin wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ní Ṣanghai báyìí, tòun ti kọ́là mímọ́ àti bàtà dídán. Ọmọ ọmọ tèmi náà sì ga ju gbogbo ará àríwá tí mo mọ̀ lọ. Ìyá mi ì bá ti dààmú. Yaqin ti hu ewú, ṣùgbọ́n ó ṣì ga jù mí lọ.

"Peilin, ẹ̀wù mélòó lo ní báyìí?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Dípò bẹ́ẹ̀ mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn nílé yín, kọ́là lásán ni mo wọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú fèrèsé yín lẹ máa ń sá a sí. Oṣù kejì tí mo dé Ṣanghai ni mo ti rí i. Ṣé ojú mi fọ́ ni?" Ó da tíì sínú kọ́ọ̀bù mi. "Bàbá mi náà mọ̀. Mo sọ fún wọn kó o tó dé. Wọ́n ní kí n fi aṣọ ìrọ̀rí rán ọ̀kan fún àwọn, kí ojú má baà ti ọmọ náà lóun nìkan. Wọ́n ní bó o bá ti bọ́ tìẹ, àwọn á bọ́ tàwọn, ẹ̀yin méjèèjì á fira yín rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí."

Mo rántí ọwọ́ alápàá iná yẹn lórí bọ́tìnnì.

"Lẹ́yìn tó o lọ sùn ni wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n fún un, omi jáde."

Wọ́n máa ń sọ pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi láìmọ ìwúwo rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ní ibùdókọ̀ yẹn, kí ló dé?"

Yaqin wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí a jọ ń jẹun ọ̀sán, láìrẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo bi ẹ́, Peilin," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ẹ́."