Orúkọ Àìná Nínú Ìwé Ìsàmì

Ìyá Dúró, jókòó kí o gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo bá ara mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́, tí bàbá akọ̀wé ìjọ tó ti kú tipẹ́ ń ṣí ìwé ìsàmì ńlá nì. Ìwé náà ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá mi.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá Àìná, àkọ́bí mi tó lo ọjọ́ mẹ́ta péré láyé.

"Ta ló sàmì fún un?"

"Ìyá ọkọ mi ni, bàbá. Omi àmù ló fi ṣe é, torí àlùfáà jìnnà."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ fún mi?"

"A rò pé ọmọ tí kò tó ìkómọ kì í wọ ìwé."

"Ọmọ mú orúkọ rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run, ẹ̀yin wá fi í pamọ́ fún mi!"

Ni ìwé bá di ẹní, Àìná sùn lé e, ó ń fa ìka mu. Mo ní kí n gbé e, mo jí.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àyà mi kàn wúwo bí ìgbà tí wàrà kún un. O ní ó ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wé gèlè rẹ, ká lọ bá àlùfáà kó kọ orúkọ Àìná sílẹ̀, nígbà tí ẹni tó bí i ṣì wà láyé.