Ọwọ́ Aṣọ́nà

Bí a bá ń wá ibi tí ọgbọ́n ti ń ṣòfò láyé yìí, ká má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ká yà sí yàrá ìjẹun ilé iṣẹ́ adójútòfò kan lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Àwọn àgbàlagbà tó kàwé, tó bímọ, tí àwọn èèyàn ń kí ní ẹ kú iṣẹ́ láràárọ̀, ni yóò pé lé fóònù kan ṣoṣo lórí, tí wọn yóò máa dá àwòrán dúró, tí wọn yóò máa fà á kó tóbi sí i, tí oúnjẹ wọn yóò sì máa tutù níwájú wọn. Kí ni wọ́n ń wò? Ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin kan nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ìlú Ẹ̀yìn Ìràwọ̀.

Aṣọ́nà ni orúkọ ọkùnrin náà nínú eré. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún lójú débi pé ìyá tó bí i lọ́mọ kò lè dá a mọ̀, wọ́n wá fi í sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ kan tó ń rìn kiri láàárín ìràwọ̀. Kì í sọ ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn, wọ́n ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń yí hóró àgbàdo kan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé nìyẹn.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò sí yunifásítì kankan tó fi oyè yẹn jẹ ẹ́ o. Owó oṣù ló ń ṣírò nílé iṣẹ́ náà, òun ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó kù sì gbà fún un. "Ó gbọ̀n, ó sinmi, ó tún gbọ̀n. Èdè nìyẹn! Èdè ìlú tí wọ́n fọ́ níbẹ̀rẹ̀ eré. Àwa tá à ń wò ó ló ń ránṣẹ́ sí."

"Háà! Orí mi wú," ni obìnrin tó ń gba àlejò wí, ó di àyà mú.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni awakọ̀ ọ̀gá fi tì í lẹ́yìn. Awakọ̀ yìí kan náà kì í dé ilé ọ̀gá rẹ̀ láìbèèrè ọ̀nà, àmọ́ ẹ bi í léèrè ọ̀nà àárín ìràwọ̀, á júwe rẹ̀ fún yín láìdánudúró.

Obìnrin kan jókòó lọ́tọ̀ nídìí fèrèsé, ó ń jẹun tirẹ̀. Àǹtí Má-tàn-mí ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń ka ìwé àwọn tó ń béèrè owó adójútòfò ọkọ̀. Ẹni tó fi ọkọ̀ gbá ògiri á kọ̀wé pé ògiri ló wá bá òun lójú títì. Irọ́ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ojúde. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rí i lára ju àwọn onírọ́ yẹn lọ. Onírọ́ ṣáà mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ọwọ́ tí wọ́n ń tú palẹ̀ yẹn, ọwọ́ bàbá Àǹtí ni. Kò sì sí èdè kankan níbẹ̀. Àìsàn ni. Dókítà ti ṣàlàyé fún òun àti bàbá náà pé nǹkan kan ti ń gbẹ nínú ọpọlọ, pé ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń fi hàn, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e, àmọ́ bí bàbá kò bá fi oògùn ṣeré, ọjọ́ ire ṣì pọ̀ níwájú. Nílé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bàbá Àǹtí ni Aṣọ́nà. Níbi tí wọ́n ti ń ya eré, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Aṣọ́nà ń ṣàìsàn. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á kun eérú sójú bàbá arúgbó mìíràn, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, òǹwòran kan kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Iṣẹ́ yìí sì ni bàbá rí di mú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi jókòó ti fóònù tí kò dún.

"Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá," Àǹtí sọ ọ́ sínú. Ó wá gbójú sókè. "Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọwọ́ ò lè gbọ̀n lásán ni?"

Gbogbo wọn wò ó tàánútàánú.

"Àǹtí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó fi sùúrù sí i bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, "nínú eré yẹn, kò sóhun tó wà lásán."

Àfi orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ni Àǹtí rò. Ó kó abọ́ rẹ̀ ńlẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín bàbá ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi, wá gbọ́! Olùdarí eré pè mí. Ó ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ni gbogbo ayé ń sọ. Ó ní níbo ni mo ti rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀? Mo ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Mi ò kúkú parọ́!"

"Ẹ ò wá sọ fún un, Bàbá?"

"Kí n sọ kí ni? Wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Èmi, ọwọ́ ni tèmi ń mì, ó sì wù wọ́n bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí náà bá a rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ sì bà jẹ́ pé òpè bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gba iṣẹ́ bàbá òun là, pé òun gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọwọ́ náà rọlẹ̀. Bàbá ń de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń gbé ife tíì láìdà á sára. Ayọ̀ délé. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo yàrá ìjẹun! Wọ́n gbààwẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n káwọ́ lérí bí ẹni òfò ṣẹ̀. "Ọwọ́ ti dákẹ́!" Awakọ̀ ní wọ́n ti pààrọ̀ Aṣọ́nà pẹ̀lú amí ọ̀tá. Obìnrin agbàlejò ní ó ti kú, òkú rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kárí ayé kọ èébú ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe eré náà, bí ẹni pé ọwọ́ bàbá olúwarẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n rà lọ́jà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́tìnì tún di ogun. Tíì tún ń dà sára. Àǹtí rò pé oògùn ti kọ̀ ni, ó ti ń múra àtipadà sọ́dọ̀ dókítà. Àfi bó ṣe kó aṣọ bàbá láti fọ̀, tó tọwọ́ bọ àpò, tó bá áńkáṣíìfù kan. Hóró oògùn ló wà nínú rẹ̀, ìdajì ti yọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Gbogbo àárọ̀ tí bàbá ń ju oògùn sẹ́nu níṣojú rẹ̀, bó bá ti kẹ̀yìn báyìí, ló ń tu ú sínú áńkáṣíìfù.

Ó gbé áńkáṣíìfù náà síwájú bàbá.

"Olùdarí tún pè," ni bàbá wí. "Ó ní, 'Bàbá, ọwọ́ yẹn dà? Tí kò bá sí ọwọ́, a ò mọ ohun tí Aṣọ́nà ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà.'"

"Ẹ wá fi ara yín ta á lọ́rẹ?"

"Gbọ́, ọmọ mi. Mo ti ṣe ọba lórí ìtàgé, mo ṣe wèrè, mo ṣe òkú tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń sùn níwájú mi. Wàyí o, wọ́n ń wò mí. Ìka méjì péré ni wọ́n ń wò, àmọ́ wọ́n ń wò mí. Ṣé kí n wá fi oògùn pa á?"

"Ẹsẹ̀ ló kàn, Bàbá. Dókítà sọ fún wa."

"Kí ẹsẹ̀ náà máa bọ̀. Bóyá wọ́n á rí èdè nínú tiẹ̀ náà." Ó fẹ́ kó jẹ́ àwàdà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Inú bí Àǹtí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó fẹ́ lọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí àwọn ará yàrá ìjẹun lójú: àìsàn ni, ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ bàbá lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá rò ó bí ẹni tó ti ń ka irọ́ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Irọ́ tó múná dóko kì í bá olùgbọ́ jiyàn. Ohun tí olúwarẹ̀ ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń bá a gbé, á kàn sún un síwájú díẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sídìí tábìlì wọn. Ọwọ́ tó dákẹ́ ni wọ́n ṣì ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó tún ń gbọ̀n kò tíì jáde. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n sún fún un.

"Mo ti ń fara balẹ̀ wo eré yín yẹn," ló fi bẹ̀rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí kò wò ó rí ju ohun tó ń rí lórí fóònù Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Bàbá tó ṣe ọba, kó wá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ, kò lè jókòó wo ìyẹn. "Ẹ̀ ń sunkún pé ọwọ́ dákẹ́. Ta ló ń jẹ́ iṣẹ́ tán tí kì í dákẹ́? Ó ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán! Èsì ló ń dúró dè. Ẹ wo bó ṣe dúró tí kò mira yẹn, òun ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ọwọ́ yẹn bá tún fi gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti mú un nìyẹn."

Ṣíbí dúró lẹ́nu awakọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ti rin fún omi.

"Àǹtí, níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

Àǹtí bu òkèlè mìíràn. Kó tó di pé wọ́n ṣíwọ́, ọ̀rọ̀ náà ti jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo wọn ti ń búra pé àwọn ti rí i látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n alára dá Àǹtí dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un ohun tí òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n, rí nínú ìdúró Aṣọ́nà.

Olùdarí pe bàbá. Ó ní kó má jẹ́ kí ìka kankan mì mọ́ o, kó dúró gbọin bẹ́ẹ̀. Bàbá fi omi gbé oògùn mì lójú ọmọ rẹ̀, ó la ẹnu gbàǹgbà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó di kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tún rọlẹ̀. Bàbá kò mọ ẹni tó dá irọ́ náà sílẹ̀, Àǹtí kò sì sọ fún un.

Nígbà tí apá eré tí wọ́n yà lẹ́yìn ìyẹn fẹ́ jáde, bàbá fọwọ́ lu àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Jókòó, ká jọ wò ó." Àǹtí jókòó. Aṣọ́nà yọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Àǹtí tẹjú mọ́ ọwọ́ ọ̀tún yẹn, kò tilẹ̀ fẹ́ ṣẹ́jú. Kò mì. Kò mì rárá títí orúkọ àwọn òṣèré fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Bàbá! Kò gbọ̀n!" Inú rẹ̀ dùn débi tó fi pàtẹ́wọ́.

Bàbá yíjú sí i.

"Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o," ló wí. "Ó gùn díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi. Kí ni mo sọ?"

Àǹtí Má-tàn-mí la ẹnu. Ó rántí pé ohùn bàbá lọ sílẹ̀ níbì kan, pé ẹnìkan sunkún nínú ọkọ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò rántí ohunkóhun. Gbogbo irọ́ tó ti kà láyé rẹ̀, kò rí ẹyọ kan yá lò. Bàbá sì ń dúró de èsì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́ lórí itan rẹ̀.